Eré wo ni ó yẹ fún àpèjọ ẹbí tí tọmọdé tàgbà yóò wà?

Ìyàwó Àárín, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní tí ń bọ̀, ẹbí ọkọ mi yóò pé jọ sí àgbàlá wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níhìn-ín, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni ó kàn. A ó tó ogójì. Màmá àgbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún yóò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà yóò sì wà níbẹ̀. Faransé ni àwọn tí ń bọ̀ láti Kútọnu ń bá àwọn ọmọ wọn sọ, bẹ́ẹ̀ ni a ní àwọn àna tí wọ́n jẹ́ Gùn, tí Yorùbá wọn kò kọjá ìkíni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ní ọdún tó kọjá ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Àwọn ọkùnrin kó káàdì belote wọn lọ sí abẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọ̀dọ́ tẹrí ba sídìí fóònù, àwa ìyàwó ilé sì ń fọ abọ́. Ni ẹnì kan bá ní kí a ṣe eré àga, èyí tí a fi ń yí àga po bí orin ti ń lọ, tí a ó sì sáré jókòó bí orin bá dákẹ́, tí ẹni tí kò rí àga yóò bọ́ síta. Àga onírọ́bà kan ṣẹ́ mọ́ àbúrò bàbá ọkọ mi lábẹ́, ìyá àgbàlagbà ni, ó ṣubú, àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n sì lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Títí di òní olónìí, bí a bá pàdé ní ọjà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí ni bóyá a ti tún àga náà ṣe.

Mo ń wá eré tí àgbà lè ṣe láìdìde lórí ìjókòó, tí kò ní béèrè pé kí gbogbo wa gbọ́ èdè kan náà, tí kò ní náni lówó púpọ̀, tí kò sì ní dúró bí iná bá lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Ọ̀ta Ojúde, Kétu

Ìyàwó wa, ẹ kú ìnáwó o, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ àlejò. Bí ọpọ́n ayò kan bá wà nílé, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan: ta ni yóò béèrè èdè tí ọmọ ayò ń sọ? Adji ni àwọn Fọ̀n, ìbátan àwọn Gùn, ń pè é, nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ó bá jẹ́ pé àwọn àna yín tí kò gbọ́ Yorùbá ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ yín di ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ ayò ta.

Fún ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, àlàyé ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Yóò kó gbogbo ọmọ inú ihò kan ní ìhà tirẹ̀, yóò máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òsì lọ sí ọ̀tún, yóò sì yípo gba ìhà ẹnìkejì. Bí èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀ bá bọ́ sí ihò ẹnìkejì, tí ó sì sọ ọmọ inú ihò náà di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Bí ihò tí ó fi ọmọ sí kẹ́yìn kí ó tó dé ibẹ̀, ní ìhà kan náà, bá ní méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú, ó tún jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ti ní 25 lọ́wọ́ ti borí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọmọ ayò, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí òfin, nítorí ilé kan lè gbà pé ènìyàn lè jẹ gbogbo ọmọ tó kù lọ́dọ̀ ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ilé kejì má gbà. Ìjà tí mo ti rí nídìí ọpọ́n, lórí èyí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún ni ìdíje tí ẹni tó bá pàdánù yóò máa bọ́ síta. Ènìyàn 16 ní ìdíje bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí ayò 15. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ọpọ́n kan ṣoṣo, wákàtí méjì àtààbọ̀ ti lọ nìyẹn, àwọn mẹ́jọ tí wọ́n sì ti bọ́ síta ní ìpele àkọ́kọ́ yóò ti padà sídìí fóònù. Ẹ pín àwọn ènìyàn sí ẹgbẹ́ méjì, ẹ gbé ọpọ́n sáàárín, kí ẹni kọ̀ọ̀kan ta ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì dìde fún ẹni tó tẹ̀ lé e nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Kí àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n gẹ́gẹ́ bí olùgbani-nímọ̀ràn, kí àwọn tó kù máa pariwo. Ariwo yẹn wà lára eré. Lójú ọpọ́n ayò, ọmọdé lè pe àgbà ní ọ̀pẹ, kí àgbà náà sì dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní bá wọn dé ilé. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀rín tí àwọn ọmọ rín ìyá nídìí àga: ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ayò ṣì jókòó síbẹ̀, ó sì lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn sún mọ́ ọpọ́n. Ọmọ ayò mọ níwọ̀n ohun tí ó lè há a lọ́fun.

Bàbá Eléré, Ṣábẹ̀ẹ

Fífa okùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún àwọn géńdé, kí ara wọn lè yá. Kì í ṣe eré kékeré o, ó wà nínú ìdíje Òlíńpíìkì láti 1900 di 1920. Òfin kan ṣoṣo tí mo ní ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ká okùn mọ́ ọwọ́ tàbí mọ́ ìka, nítorí bí ìhà kejì bá fà á lójijì, ọwọ́ náà kò ní rí ọ̀nà jáde. Okùn tí ó nípọn ni kí ẹ wá, ẹ má lo wáyà tàbí okùn ike tín-ín-rín. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó fún un.

Olùkọ́ kan, Ṣábẹ̀ẹ

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ dá eré kan lábàá tí èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń ṣe, tí mo sì ti gbé wọ inú ẹbí mi. Ẹnu nìkan ni ó ń fẹ́, a sì kì í là á rárá.

Ẹ mú àwọn ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí: igba, igbá, igbà, ìgbá, ìgbà. Lẹ́tà kan náà ni ó wà nínú gbogbo wọn, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹnì kan yóò pa ẹnu dé, yóò kùn ohùn ọ̀kan nínú wọn bí ẹni tí ń kọ orin sínú: re re, re mí, re dò, dò mí, tàbí dò dò. Àwọn tó kù yóò sọ èyí tí ó jẹ́, bóyá òǹkà ni, tàbí igbá tí a fi ń bu omi, tàbí okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ, tàbí ìgbá tí a ń sè lọ́bẹ̀, tàbí ìgbà tí ń lọ. Bí wọ́n bá ti mọ èyí dáadáa, ẹ gbé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kalẹ̀. (Ẹ jẹ́ kí olùdarí ronú dáadáa kí ó tó fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún ìdílé ọ̀rọ̀ yìí níwájú àwọn àna.)

Ìpele kejì ni ó dùn jù. Ní ìpele yìí, gbólóhùn odindi ni a ń kùn. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ọjọ́ ọdún, ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀: re mí re mí, re mí dò dò mí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kí ènìyàn láàárọ̀ ọjọ́ náà yóò mọ̀ pé “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún” ni. Lẹ́yìn èyí, kí ẹgbẹ́ kan kùn òwe, kí ẹgbẹ́ kejì wá a. Bí ó bá ṣòro fún wọn, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń kùn ún sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú òwe náà ní gbangba, kí ó sì tún un kùn. Ohun tí gángan ń ṣe lójú agbo náà ni èyí, àfi pé imú ni ìlù tiwa. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí Faransé nìkan ni ó ń fi dá ìyá rẹ̀ lóhùn, tí ó jókòó ti bàbá bàbá rẹ̀ fún odindi wákàtí kan nítorí kí ó lè mọ ìdí tí igbá òun fi ń di ìgbà létí àwọn ẹlòmíràn.

Ní ti àwọn àna yín, èdè Gùn náà jẹ́ èdè olóhùn. Àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà ní Àjàṣẹ́ yóò ti gbọ́ ọ lójú pópó. Nítorí náà, bí ó bá kan àwọn àna, kí wọ́n kùn ọ̀rọ̀ Gùn, kí àwọn ọmọ sì jẹ́ ògbufọ̀ fún ẹ̀yin yòókù. Àǹfààní yẹn kì í sábà bọ́ sí ọmọdé lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́, Kútọnu

Mo kí ẹ̀yin àgbà, ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fẹ́ fi ti àwa ọ̀dọ́ kún un. Eré méjì ni.

Àkọ́kọ́ ni eré odi. Ẹ kọ iṣẹ́ tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ sínú bébà pélébé, ẹ ká a, ẹ kó o sínú abọ́. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan yóò fi ara ṣàpèjúwe rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dárúkọ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó bá ohun tí ẹ̀gbọ́n ń béèrè mu, nítorí ẹni tí ń ṣeré kò sọ èdè kankan, àwọn tí ń wá a sì lè dárúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, ní Gùn tàbí ní Faransé, gbogbo rẹ̀ ni a ó gbà. Ohun tí gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́ ni kí ẹ kọ sí i: ẹni tí ń rọ epo kpayo láti inú ìgò sínú ọ̀kadà, zẹ́mìjàn (ọlọ́kadà) àti èrò tí wọ́n ń ná owó ọkọ̀, ìyá tí èéfín kó sí lójú nídìí àmàlà, ọkùnrin tí ó gbé fóònù sókè tí ń wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì káàkiri àgbàlá. Fún ọmọ tí kò mọ̀wé kà, ẹ ya àwòrán.

Èkejì ni èyí tí a ń pè ní Loup-garou. Ọmọ Rọ́ṣíà kan, Dimitry Davidoff, ni ó dá irú rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Moscow ní 1986, Mafia ni ó sì pè é. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn fi ìkookò rọ́pò àwọn ọ̀daràn inú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ sí méjìlá ni yóò jókòó yípo. Olùdarí yóò yan ẹni méjì ní ìkọ̀kọ̀ tí wọn yóò jẹ́ apànìyàn. Bí ó bá kéde pé ilẹ̀ ti ṣú, gbogbo ènìyàn yóò di ojú. Àwọn méjì yìí nìkan ni yóò la ojú, wọn yóò sì na ọwọ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni náà ti kúrò nínú eré, àwọn tó kù yóò jiyàn, wọn yóò sì dìbò yọ ẹni tí wọ́n fura sí. Iyàn jíjà náà ni adùn rẹ̀.

Màmá Ìbejì, Kétu

Ọmọ mi, o ṣeun, eré odi yẹn dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ fi òfin kan sí i: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹni tó wà ní ìjókòó ṣe àwòkọ. Ìyàwó tí ó bá ṣe àfarawé ìrìn ọkọ rẹ̀ àgbà lónìí, yóò gbọ́ ọ lọ́la, bí gbogbo wọn tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Èkejì náà ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọgbọ́n ṣe. Mo mọ̀ pé eré lásán ni lójú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ilé tí ọ̀dọ́ mẹ́wàá jókòó, tí wọ́n na ìka sí ìyá arúgbó kan, tí wọ́n ń sọ pé òun ni ó ń pa ènìyàn lóru. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré? Ẹ má ṣe pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́, ní apànìyàn tàbí ní ìkookò nínú ẹbí. Ní ilé tiwa, Olè Adìyẹ ni a ń pè é. Olè méjì wà ládùúgbò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn yóò gbé adìyẹ ẹnì kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tí adìyẹ rẹ̀ lọ yóò dìde, yóò sunkún adìyẹ rẹ̀ pẹ̀lú ìró ohùn àti àpèjúwe ìyẹ́ rẹ̀, kí iyàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí adìyẹ rẹ̀ lọ kò kúrò nínú ìjókòó. Ojú rẹ̀ ni yóò là sílẹ̀ láti ìgbà náà lọ, kí ó máa wo bí olè ti ń ṣe iṣẹ́, kí ó sì pa ẹnu mọ́.

Eré àga ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí àga dúró, kí nǹkan mìíràn máa rìn. Ẹ jókòó yípo, ẹ fi igbá kékeré kan lé ọwọ́ ẹnì kan, kí ó máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ìlù ti ń lọ. Kí onílù kọ ẹ̀yìn sí yín kí ó má baà ṣojúsàájú. Bí ìlù bá dákẹ́, ẹni tí igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní bọ́ síta, yóò san gbèsè: kí ó jó ẹsẹ̀ méjì, tàbí kí ó ki oríkì, tàbí kí ó pa àlọ́, tàbí kí ó kọrin. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan gbèsè tí yóò san. Bí kò bá sí ìlù, ẹ dojú korobá dé.

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ẹ tó kan àlọ́, nítorí àwọn àgbà kò fẹ́ kí a máa pàlọ́ lọ́sàn-án. Àlọ́ àpamọ̀ ni kí ẹ fi ṣáájú. Kí ló bọ́ sómi tí kò ró tàló? Abẹ́rẹ́. Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba? Àgbàrá òjò. Òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò: ẹ jẹ́ kí àwọn ará Kútọnu wá ẹ̀wà nínú ìyẹn. Bí ó bá ṣe pé àwọn ọmọ fẹ́ sáré kí ilẹ̀ tó ṣú, bojúbojú wà. “Bojúbojú o!” “Olórò ń bọ̀!” “Ẹ para mọ́!” “Ṣé kí n ṣí i?” “Ṣí, ṣí, ṣí!” Ṣùgbọ́n, ìyàwó Àjàṣẹ́, bí kànga bá wà ní àgbàlá yín, ẹ dé e, kí ẹ sì gbé nǹkan wúwo lé ìdérí rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀ta Ojúde, Kétu

Màmá, ẹ ṣeun fún olè adìyẹ yẹn. Ìbéèrè kan ni mo ní: bí gbogbo eré bá di èyí tí kò sí ẹni tí yóò bọ́ síta, níbo ni a ó ti mọ ọ̀ta yàtọ̀ sí ọ̀pẹ? Ẹ má ṣe gba ìdíje lọ́wọ́ wa tán o.

Màmá Ìbejì, Kétu

Bàbá, ta ni ó gba ìdíje lọ́wọ́ yín? Ẹ ka ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ lórí ẹgbẹ́ méjì àti ọpọ́n kan. Mo kàn fi tiyín ṣe òfin fún àwọn eré tó kù ni.

Alájì, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀bùn ni kò tíì sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Nínú ẹbí tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì wà pọ̀, bí tiwa ní Àjàṣẹ́, ẹ má ṣe gbà pé kí àwọn òṣèré dá 500 sẹ́fà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó borí kó gbogbo rẹ̀ lọ. Tẹ́tẹ́ ni ìyẹn, eré ìbáà jẹ́ ayò tàbí káàdì, àwọn kan yóò sì dìde kúrò níbẹ̀ láìsọ ìdí. Bí onílé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ọṣẹ, bisikíìtì tàbí ìbọ̀sẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó borí, ẹ̀bùn nìyẹn. Kí ó jẹ́ ohun tí a lè pín, nítorí ẹgbẹ́ ni ó borí.

Ní ti àwọn oníkáàdì belote abẹ́ máńgòrò, ẹ má bá wọn jà. Káàdì 32, ènìyàn mẹ́rin, kò gba ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jókòó lọ títí. Ẹ fún wọn ní ọmọ ọdún mẹ́wàá méjì gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ní ìparí ìpín kọ̀ọ̀kan, 162 ni àmì ẹgbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ pọ̀, pẹ̀lú 10 ti ẹni tí ó kó káàdì ìkẹyìn. Bí àwọn ọmọ bá ti mọ èyí, wọn yóò mú àwọn bàbá wọn lórí ìṣirò, ìyẹn gan-an yóò sì di eré mìíràn.

Ìyàwó Àárín, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Ìbéèrè kan ni ó kù: ta ni ó yẹ kí ó darí? Ìyàwó ilé ni mí, n kò lè dúró láàárín agbo kí n máa pàṣẹ fún àwọn ọkọ mi.

Olùkọ́ kan, Ṣábẹ̀ẹ

Ẹ wá ọmọ ilé kan tí ó ti tó ogún ọdún tí kì í tijú, tí ó gbọ́ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì kọ́ ọ ní òfin gbogbo eré ní ọjọ́ tó ṣáájú. Òun ni yóò gbọ́ àríwísí, òun ni yóò sì gbọ́ ìyìn. Tiyín ni kí ẹ máa wo ojú àwọn ènìyàn. Kò sí eré tí ó gbọdọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ ní ìjókòó kan, àfi ayò, tí ẹ lè gbé sí igun kan láti ọ̀sán di alẹ́. Kí ẹ sì máa mú eré ìjókòó tẹ̀ lé eré ìdìde.

Ìyàwó Àárín, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo padà wá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán mi. A jẹ́ ènìyàn 43. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí ó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ni ó darí, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe ju bí mo ti rò lọ.

Fífa okùn kò wáyé, nítorí okùn tí a rí kò nípọn tó, mo sì rántí ọ̀rọ̀ Bàbá Eléré. Olè Adìyẹ ni ó dàrú mọ́ wa lọ́wọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọ̀dọ́. Màmá àgbà kọ̀ jálẹ̀ láti di ojú. Wọ́n ní ta ni orí rẹ̀ pé tí yóò di ojú níbi tí wọ́n ti kéde fún un pé olè wà. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú ni wọ́n ń wo àwọn olè méjèèjì, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, wọ́n á nawọ́ sí wọn. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, a mú olè lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìkẹyìn, a fi Màmá ṣe ọdẹ àdúgbò.

Eré ohùn kíkùn ni àwọn ọmọ Kútọnu kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ní àkọ́kọ́, igba, igbá àti ìgbà jẹ́ ohun kan náà létí wọn. Nígbà tí ó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan nínú wọn ń kùn orúkọ àwọn ènìyàn inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù sì ń dáhùn bí ó bá gbọ́ tirẹ̀. Ìyá tí ó jẹ́ àna wa kùn ọ̀rọ̀ Gùn kan tí ẹnikẹ́ni nínú àwa àgbà kò mọ̀; ọmọkùnrin mi tí ó jẹ́ ọdún méje ni ó mọ̀ ọ́n, ibi tí wọ́n ti ń ta àkàrà ní ẹnu ọ̀nà wa ni ó ti gbọ́ ọ. Ìyá àna gbé e jókòó lórí ẹsẹ̀, kò sì bọ́ sílẹ̀ mọ́ títí a fi gbé oúnjẹ alẹ́ wá.

Ìyá tí wọ́n ṣubú lọ́dún tó kọjá wá. Mo ti wá àga onígi kan sílẹ̀ fún wọn, n kò sọ̀rọ̀, àwọn náà wò ó, wọn kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ igbá, ìlù dákẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ìgbà kejì. Wọ́n ní oríkì ni àwọn yóò fi san gbèsè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí baba ńlá ọkọ mi, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé orí bàbá ọkọ mi, wọ́n sì ki ọkọ mi títí ojú fi ń tì í. Àwọn ọmọ tí wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà gbé fóònù jáde láti gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú mi dùn sí fóònù ní ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní kí onílù dìde, àwọn ni yóò máa lù ú láti ìsinsìnyí lọ, nítorí kò mọ ibi tí ó yẹ kí ìlù ti dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ ní alẹ́, wọ́n tún bi mí bóyá a ti tún àga onírọ́bà náà ṣe.

Ayò kò kúrò ní igun rẹ̀ láti ọ̀sán títí di aago mẹ́wàá alẹ́, belote kò sì rí ẹni ta á lẹ́yìn wákàtí kan, nítorí àwọn akọ̀wé Alájì ká àwọn bàbá mọ́ lórí ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣòro kan ni ó wà. Nígbà tí mo kó ọmọ ayò jọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, 47 ni mo kà. A ti gbá àgbàlá, a ti wo inú àpò gbogbo ọmọ, a kò rí i. Ẹ̀gbọ́n Kétu, bí ẹ bá mọ ẹni tí ń ta ọmọ ayò ní ẹyọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ iye rẹ̀ fún mi.

Ọ̀ta Ojúde, Kétu

A kì í ta ẹyọ kan. Ẹ sọ fún mi bí ẹ bá ní ẹni tí yóò kọjá láti Kétu sí Àjàṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, n ó fi mẹ́ta lé e lọ́wọ́, kí ẹ fi méjì pamọ́ de ọdún tí ń bọ̀.